Bí Ẹ Ó Ṣe Tọ́jú Melano ní Abẹ́òkúta Títí Tí Yóò Fi Gun Òpó

Ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń gbin melano, ìtàkùn ọ̀ṣọ́ kan, máa ń rò. Ewé mẹ́ta ló ní nígbà tí wọ́n rà á. Ẹ̀kẹrin yọ, ó kéré sí ẹ̀kẹta. Ẹ̀karùn-ún yọ, ó kéré sí ẹ̀kẹrin, etí rẹ̀ sì ń gbẹ. Wọ́n bá tún omi dà sí i. Kò pẹ́ tí ìdí rẹ̀ fi rà.

Omi tí wọ́n tún dà sí i yẹn ló pa á. Philodendron melanochrysum, tí àwọn tó ń gbìn ín gé kúrú sí melano, ti inú igbó òjò orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà wá. Ó fẹ́ràn ọ̀rinrin lóòótọ́, àmọ́ inú afẹ́fẹ́ àti lára igi tó ń gùn ló ti ń wá a. Ẹrẹ̀ inú ìkòkò kò sí nínú ohun tó ń fẹ́ rárá.

Ojú ewé rẹ̀ rí bí aṣọ àrán, ó dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, iṣan ara rẹ̀ sì ní àwọ̀ wúrà fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ṣì kéré, ewé rẹ̀ kì í ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bó bá rí ohun gùn tó sì dì mọ́ ọn, ewé á máa gùn sí i, á máa rọ̀ sílẹ̀, ó sì lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Bí kò bá rí ohun gùn, á máa wọ́ kiri, ewé á sì máa kéré sí i. Òpó ni iṣẹ́ gan-an. Ẹni tó bá fojú ọ̀ṣọ́ lásán wò ó, ewé kékeré ni yóò máa rí.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ kó wọn jọ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìtàkùn náà, torí tí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti wà níta, kò sí àyè à ń sáré lọ sọ́jà mọ́.

- Ìkòkò oníke tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 6 tàbí 7, tó ní ihò púpọ̀ nísàlẹ̀. Ike ọ̀dà tí ẹ fọ̀ mọ́ náà lè ṣe é bí ẹ bá lu ihò sí i.
- Háhá àgbọn, bíi ti àgbọn mẹ́wàá. Ẹ bẹ àwọn tó ń ta àgbọn tútù. Wọ́n sábà máa ń dà á nù ni.
- Èédú ìdáná, èyí tí kò tíì di eérú.
- Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń po kankéré. Abẹ́òkúta la wà, òkúta kò lè wọ́n wa.
- Ilẹ̀dú díẹ̀ láti abẹ́ igi tí ewé ti jẹrà sí.
- Nẹ́ẹ̀tì onírin tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ: mítà kan ní gígùn, 30 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀.
- Ọ̀pá irin tín-ín-rín tó gùn ju mítà kan lọ díẹ̀. Ọparun rọrùn láti rí, àmọ́ inú òpó tútù ni yóò máa wà, ó lè jẹrà kí ìtàkùn tó dé òkè.
- Abẹ́ tuntun àti sípíríìtì.
- Àkísà aṣọ tí ẹ ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Àlòkù àdìrẹ ni mo máa ń lò, torí ó rọ̀, kì í sì í gé ara igi.
- Igi sùyà kan tó mọ́, àti ike omi lítà kan àbọ̀ tó ti ṣófo.
- Hygrometer, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Kò pọn dandan, àmọ́ bí ọyẹ́ bá dé, ẹ ó mọrírì rẹ̀.

Ìgbẹ́ adìyẹ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́. Gbòǹgbò melano kò lè gbà á.

Ìpele kìíní: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà

Melano kì í sábà sí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Láti Èkó ni ọ̀pọ̀ ti ń fi mọ́tò ránṣẹ́, ẹ ó wá lọ gbà á ní gáréèjì. Torí pé fọ́tò nìkan lẹ rí kí ẹ tó sanwó, oríṣi ìrẹ́jẹ méjì ló pọ̀ jù.

Èkíní ni pé kí wọ́n ta micans, mọ̀lẹ́bí melano kan, fún yín. Micans wọ́pọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, àmọ́ ewé òun náà jọ àrán, bí àwọn méjèèjì bá sì ṣì kéré, ó ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò abẹ́ ewé fún yín. Abẹ́ ewé micans sábà máa ń pọ́n, iṣan ojú ewé rẹ̀ kì í sì í hàn ketekete bíi ti melano.

Èkejì burú jù, torí pé melano gidi ni wọ́n tà fún yín, àmọ́ kò ní hù láéláé. Wọ́n á gé ewé kan pẹ̀lú ọrùn rẹ̀ nìkan, wọ́n á fi sínú omi, á ta gbòǹgbò díẹ̀, wọ́n á sì tà á. Ewé bẹ́ẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀ fún oṣù púpọ̀, síbẹ̀ kò ní yọ ọ̀mùnú kankan, nítorí pé kò ní oríkèé. Oríkèé ni ibi tí ọrùn ewé ti pàdé ara igi. Ẹ ó rí ìlà tó yí igi ká níbẹ̀, àti kókó kékeré tí gbòǹgbò ti ń yọ. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀mùnú tuntun ti lè jáde.

*Àyẹ̀wò:* Nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ fi ìka tọ́ka sí oríkèé, ó kéré tán méjì. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má sanwó. Ẹ sì ṣàdéhùn pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e sínú mọ́tò náà lẹ ó gbà á. Alẹ́ kan nínú páálí ní gáréèjì, lábẹ́ ẹrù ẹlẹ́rù, lè ba ohun tó dára jẹ́.

Ìpele kejì: Ọjọ́ tó bá dé

Ẹ tú u, ẹ gbé e sí ìbòòji. Ẹ jẹ́ kó jókòó jìnnà sí àwọn òdòdó yín yòókù fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí kòkòrò.

Bó bá wà nínú ìkòkò tirẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì le, ẹ má tíì pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi títí ọ̀sẹ̀ méjì náà á fi pé. Bó bá jẹ́ pé ìhòòhò ni gbòǹgbò rẹ̀, tí wọ́n kàn fi òwú tútù dì í, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Gbòǹgbò tó yè máa ń le bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ igi. Èyí tó ti rà máa ń dúdú, á rọ̀. Bí ẹ bá rọra fà á, awọ ara rẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́wọ́, fọ́nrán tín-ín-rín kan á sì ṣẹ́ kù lára igi. Gbogbo èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gé e dànù pẹ̀lú abẹ́ tí ẹ ti fi sípíríìtì nù. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ fún wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ tó gbìn ín.

Ẹ ṣọ́ra fún oje rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí kókò ni melano, bí kókò tútù ṣe ń yún ọwọ́ àti ọ̀nà ọ̀fun ni tirẹ̀ náà ṣe ń yún. Ẹ fi ọ̀rá wọ ọwọ́, ẹ má fi ọwọ́ náà nu ojú, ẹ sì gbé e síbi tí ewúrẹ́ àti ọmọdé kò ti lè já a jẹ.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbóòórùn ìdí rẹ̀. Bó bá ń run bí omi ẹ̀gbin, ẹ kò tíì gé e tó.

Ìpele kẹta: Àpòpọ̀ tó máa wà nínú ìkòkò

Ẹ gé apá kan háhá àgbọn sí wẹ́wẹ́, kó tó èékánná àtàǹpàkò. Èyí tó kù, ẹ tú fọ́nrán rẹ̀ sọ́tọ̀ fún òpó. Ẹ rẹ méjèèjì sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì máa yí omi náà padà lójoojúmọ́. Omi àkọ́kọ́ á ní àwọ̀ tíì. Bí àwọ̀ náà bá ti lọ, ó ti tó. Ọ̀pọ̀ ló ń fo èyí, iyọ̀ tó wà nínú háhá á wá máa jó etí ewé, wọ́n á ní ọyẹ́ ni.

Ẹ fọ́ èédú sí wẹ́wẹ́, kó tó ẹ̀kùrọ́. Ẹ fi omi ṣan eruku rẹ̀ kúrò. Ẹ ṣan òkúta náà.

Ẹ wá fi agolo kan náà wọn gbogbo wọn: háhá wẹ́wẹ́ mẹ́ta, èédú kan, òkúta kan, ilẹ̀dú kan. Ẹ pò ó pọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ilẹ̀dú nìkan ti tó, ewédú ló ń gbìn. Nínú igbó, ara igi ni gbòǹgbò melano máa ń dì mọ́, níbi tí òjò ti ń rọ̀ sí i lára tó sì ń ṣàn lọ. Ilẹ̀ tó bá dì gbagidi kò ní jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ bu àpòpọ̀ náà sínú ìkòkò, ẹ da ife omi kan sí i. Kí ẹ tó ka ení dé ẹẹ́wàá, omi gbọ́dọ̀ ti máa jáde nísàlẹ̀. Ẹ tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un; bí ẹ bá ṣí ọwọ́, kó tú ká. Bó bá dúró ní òkìtì, ẹ fi háhá àti èédú kún un.

Ìpele kẹrin: Òpó

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Òpó tí ọ̀pọ̀ ń rà ní ọjà jẹ́ páìpù tí wọ́n fi okùn wé. Ó dára lójú, àmọ́ kò lè gba omi dúró. Gbòǹgbò melano á yọ, á fọwọ́ kan okùn gbígbẹ yẹn, orí rẹ̀ á gbẹ síbẹ̀, kò ní wọlé. Ẹ ó wá máa fi okùn dè é láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó máa rò pé ó ń gun òpó, bẹ́ẹ̀ ẹ kàn so ó kọ́ ni.

Ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin sílẹ̀. Ẹ ká ẹnu rẹ̀ tó mú sínú kó má gé yín lọ́wọ́. Ẹ tò fọ́nrán háhá tútù sórí rẹ̀ láti orí dé ìdí, ẹ gbé ọ̀pá irin sí àárín, kí ẹ fi nǹkan bí 15 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún inú ìkòkò. Ẹ wá ká nẹ́ẹ̀tì náà jọ bí ẹni ká ẹní, kí etí kan gorí èkejì díẹ̀, kí ẹ sì fi wáyà ran án. Kó kún, kó má sì dì jù: bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ láàárín ihò nẹ́ẹ̀tì, ìka yín gbọ́dọ̀ lè wọlé díẹ̀ kó sì tún rí ohun tó tì í padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ òpó náà sínú báàfù ńlá tàbí dọ́rọ́ọ̀mù di ọjọ́ kejì. Háhá tó bá ti gbẹ pátápátá máa ń ti omi dànù; ẹ ó da omi sí i lórí, omi á gba ẹ̀gbẹ́ sáré lọ sílẹ̀, inú á sì gbẹ síbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé e jáde, ẹ fi ti ara ògiri fún ọjọ́ kan gbáko. Bí ẹ bá tẹ àárín rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí ìka yín ṣì tutù, òpó ti dé. Bó bá ti gbẹ, fọ́nrán inú rẹ̀ kò pọ̀ tó.

Ìpele karùn-ún: Gbíngbìn

Ẹ kọ́kọ́ gbé òpó sínú ìkòkò, kí ẹ da àpòpọ̀ yí i ká títí yóò fi dúró gírí. Kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín tán lẹ ó máa wá fi ọ̀pá gún gbòǹgbò.

Ẹ wá wo ara ìtàkùn náà dáadáa. Kì í yọ gbòǹgbò yípo. Ẹ̀gbẹ́ kan ni gbòǹgbò ti ń yọ, ewé á sì kọjú sí òdìkejì. Ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ni kí ẹ kọ sí òpó. Bí ẹ bá ṣi èyí ṣe, ohun yòówù kí ẹ tún ṣe, kò ní dì mọ́ ọn.

Gbòǹgbò nìkan ni kó wọ inú àpòpọ̀. Kí oríkèé ìsàlẹ̀ jókòó sí ojú ilẹ̀ gan-an. Àwọn tó ń ri igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ jìn kó má baà ṣubú ló ń pe ìdíbàjẹ́, àrùn tó ń mú ìdí rà, wálé.

Ẹ fi àkísà so ara igi mọ́ òpó, lábẹ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ara igi ni mo wí! Ẹ má so ọrùn ewé, torí ewé á fẹ́ yí ara rẹ̀ wá ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá so ó, á ká kò, á sì pọ́n kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ẹ má fà á le. Kí igi ìṣáná lè gba abẹ́ àkísà náà kọjá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé ìkòkò náà láti ojú kan sí ibòmíràn. Òpó kò gbọdọ̀ mì lọ mì bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tú àkísà kan, kí ẹ rọra fi ìka fa igi sẹ́yìn. Bó bá kọ̀ tí kò tẹ̀lé yín, gbòǹgbò ti wọlé, ẹ lè yọ àkísà yẹn kúrò.

Ìpele kẹfà: Ibi tó máa jókòó sí

Fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló dára jù. Oòrùn àárọ̀ kùtùkùtù kò ní pa á lára, ti ọ̀sán ló ń jó o, ojú ewé àrán yẹn kì í sì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí páànù wà lórí rẹ̀ láìsí sílíìnì. Lóṣù Kejì àti Ìkẹta, ooru tó ń ti ara páànù bọ̀ lè ṣe é ní jàǹbá bí oòrùn kò tilẹ̀ kàn án. Ibi tó wà láàárín 18 àti 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ojú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe àyè rẹ̀, torí pé ẹ̀rọ yẹn ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú yàrá.

Kí ìtàkùn kọjú sí fèrèsé, kí òpó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má máa yí ìkòkò rẹ̀ kiri bí ẹ ti ń yí àwọn òdòdó mìíràn.

*Àyẹ̀wò:* Ní ọ̀sán gangan, ẹ tẹ́ bébà funfun síbẹ̀, ẹ na ọwọ́ sókè rẹ̀ ní ìwọ̀n rúlà kan. Òjìji tó rí bàìbàì ni ẹ ń wá. Bí etí òjìji bá mú ketekete, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí kò bá sí òjìji rárá, ibẹ̀ ṣókùnkùn.

Ìpele keje: Omi

Ẹ gbàgbé "ojoojúmọ́" àti "ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀". Omi inú ìkòkò yàtọ̀ sí omi ara òpó, ẹ má da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ti ìkòkò: ẹ fi igi sùyà gún àpòpọ̀ dé ìdí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fà á yọ. Bí igi náà bá tutù láti ìdí dé òkè, ẹ má ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ló tutù díẹ̀, àsìkò omi nìyẹn. Ẹ da omi títí yóò fi máa jáde nísàlẹ̀, kí ẹ da èyí tó bá dúró sínú àwo abẹ́ rẹ̀ nù. Omi tó dúró sínú àwo yẹn ló ń pa melano ní ìlú yìí ju ọ̀dá lọ.

Ti òpó: òpó kò gbọdọ̀ gbẹ. Ibí ni ike omi lítà kan àbọ̀ ti wúlò. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tó gbóná lu ihò kan ṣoṣo sí ìdérí rẹ̀, ẹ rọ omi kún un, ẹ dojú rẹ̀ dé orí òpó, kí ẹ so ó kó má ṣubú. Kò ní kán bí kò bá rí afẹ́fẹ́, torí náà ẹ tún lu ihò kékeré kan sí ìdí ike náà tó wà lókè. Ẹ fi ìdérí ṣe òṣùwọ̀n: bí ẹ bá dé e le, kó máa kán jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá ń sáré, abẹ́rẹ́ yín ti tóbi jù, ẹ wá ìdérí mìíràn. Èyí tó bá ti òpó sọ̀kalẹ̀ ń wọ ìkòkò náà, nítorí náà, kí ẹ tó rọ omi sí ìkòkò, igi sùyà ni kó kọ́kọ́ fọhùn.

Omi òjò ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ ọdún fọ eruku orí páànù kúrò kí ẹ tó gbé korobá síbẹ̀. Omi kànga ṣeé lò. Omi ẹ̀rọ tó bá ń run oògùn, ẹ jẹ́ kó sun korobá tí ẹ kò dé lórí kí ẹ tó lò ó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé ìkòkò lẹ́yìn tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ro tán, ẹ fi ọwọ́ mọ ìwúwo rẹ̀. Ẹ tún gbé e lọ́jọ́ tí igi sùyà bá ní ó tó àsìkò. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n kí ẹ tó wá igi sùyà.

Ìpele kẹjọ: Ọyẹ́

Láti oṣù Kẹrin dé Kẹwàá, Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ń bá yín tọ́jú melano. Òjò ń rọ̀, afẹ́fẹ́ rin. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ bí ọyẹ́ bá dé ní ìparí ọdún, tí ètè ń bó, tí eruku ń bo orí Olúmọ tí ẹ kò fi lè rí i láti ọ̀ọ́kán. Melano ń fẹ́ ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó tó 60 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ ọyẹ́ tó bá le, ọ̀rinrin ọ̀sán lè má tó iye yẹn rárá.

Ohun tí gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n máa fọ́n omi sí ewé. Ẹ fi í sílẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lomi yẹn á fi gbẹ, afẹ́fẹ́ kò ní rin ju bó ti wà lọ, àmì omi á sì wà lójú àrán. Àwo òkúta tí wọ́n ń rọ omi sí lábẹ́ ìkòkò kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ìkùukùu omi dára gan-an, bí NEPA bá gbà.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ láìsí iná ni àgọ́ ọ̀rá. Ẹ ra ọ̀rá tó mọ́ gara tí wọ́n fi ń bo tábìlì, yáàdì mẹ́ta tó. Ẹ to igi mẹ́rin yí ìkòkò ká, kí ó ga ju òpó lọ, ẹ fi ọ̀rá náà bò ó, kí ó rọ̀ dé ilẹ̀. Ẹ gbé korobá omi kan sínú rẹ̀ tí ẹ fi aṣọ inura rọ̀ sí, kí ìdajì aṣọ wà nínú omi, kí ìdajì wà lókè. Aṣọ á máa fa omi gòkè, omi á máa fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ní òdòdó mìíràn tó fẹ́ràn ọ̀rinrin, ẹ kó o wọlé. Ewé wọn náà ń tú omi sáfẹ́fẹ́.

Ìkìlọ̀ méjì. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn tààrà kan àgọ́ yẹn rárá, torí á sè é. Ẹ sì ṣí i ní àràárọ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan ń bí olú àti ìdíbàjẹ́. Inú àgọ́ kì í tètè gbẹ, nítorí náà ẹ dín omi ìkòkò kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ọyẹ́ ni kí ẹ máa bomi rin ín lóòrèkóòrè, ìdí rèé tó fi ń kú lọ́wọ́ yín lóṣù Kìíní.

Bí ewé tuntun bá há, tí àpò tó bò ó gbẹ mọ́ ọn lára tí kò lè ṣí, ẹ má fà á. Ewé náà ṣì rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi bàbà, yíya ni yóò ya. Ẹ rẹ òwú sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi wé àpò náà, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Bí àpò bá ti rọ̀, ewé á ti í dànù fúnra rẹ̀. Ó lè má ṣí lọ́jọ́ kan náà. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé hygrometer sínú àgọ́, kí ẹ kà á ní aago méjì ọ̀sán. Bó bá ti 60 sókè, ó dáa. Ẹni tí kò ní in, kó wo ewé tuntun: bó bá ṣí tán láìya, láìní etí gbígbẹ, ọ̀rinrin tó.

Ìpele kẹsàn-án: Oúnjẹ àti kòkòrò

Ẹ po ìdajì síbí kékeré ajílẹ̀ NPK 15-15-15 mọ́ omi lítà 5. Ẹ jẹ́ kó yọ́, ẹ sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, lásìkò òjò nìkan, lórí àpòpọ̀ tó ti rin tẹ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan.

Kòkòrò tó ń bá ọyẹ́ rìn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè má rí i, àmọ́ ẹ ó rí òwú tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn lábẹ́ ewé àti ààmì wínníwínní tó ń mú ewé ṣá. Èkejì funfun bí òwú, ó máa ń sá pamọ́ sí oríkèé. Fún àkọ́kọ́, ẹ fi omi ṣan abẹ́ ewé, kí ẹ fi omi ọṣẹ fífẹ́ẹ́rẹ́ nù ún, kí ẹ tún fi omi lásán ṣan án. Fún èkejì, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì tọ́ ọ lórí. Ẹ tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ẹyin wọn kì í kú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi òróró kankan pa ewé kó lè dán. Ewé àrán kì í dán.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ewé, ẹ gbọn ewé náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ohun tó já sílẹ̀ bá ń rìn, ẹ kò tíì ṣe tán.

Ìpele kẹwàá: Bó bá dé orí òpó

Ewé tó bá yọ lẹ́yìn tí ìtàkùn ti kọjá òpó á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ẹ lè so òpó mìíràn mọ́ ti àkọ́kọ́, àmọ́ mo fẹ́ràn kí n gé e ju kí n máa gbé òpó tó ga ju fèrèsé lọ kiri.

Àsìkò òjò ni kí ẹ gé e, ẹ má gé e nígbà ọyẹ́. Ẹ wá ibi tí oríkèé méjì tàbí mẹ́ta ti ní gbòǹgbò tó ti wọ òpó. Ẹ fi abẹ́ mímọ́ gé e lábẹ́ wọn, ẹ rọra tú gbòǹgbò wọn kúrò nínú nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má já wọn. Bí fọ́nrán háhá bá tẹ̀lé wọn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ẹ gbìn ín sí ìdí òpó tuntun bí a ti ṣe ní ìpele karùn-ún, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òkè tí ẹ gé yìí, ewé ńlá ni yóò máa bá lọ, kò ní padà sí ewé ọmọdé bí ó bá rí òpó tútù lójú ẹsẹ̀.

Ìdí tó kù nínú ìkòkò àtijọ́ kò tíì kú. Ẹ dín omi rẹ̀ kù sí ìdajì, torí ewé tó ń mu ún ti dín, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí òpó rẹ̀ gbẹ.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, ẹ wo oríkèé tó ga jù lára ìdí yẹn. Kókó aláwọ̀ ewé kan tó tóbi ju orí ìṣáná lọ ni ẹ ń wá. Bí igi bá le tí kókó kò sì tíì yọ, ẹ ní sùúrù. Bí igi bá rọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ gé e kúrò dé ibi tó bá ti le, kí ẹ tún máa wo oríkèé tó tẹ̀lé e.